Bí Ọkọ Mi Ṣe Fi Òrùlé Wa Sínú Bọ́jẹ́ẹ̀tì

Ọdún tí ìgbéyàwó wa pé mẹ́wàá, aṣọ ni ọkọ ọ̀rẹ́ mi rà fún un. Ọkọ ẹlòmíràn ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tí iná mànàmáná Kaduna kò jẹ́ kí ó fọ nǹkan kan títí dòní. Ọkọ tèmi fi òrùlé kíláàsì mi sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni, n kò bù mọ́ ọn. Ó gbé e wálé bí ẹni gbé góòlù wálé, èmi náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí n kò mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni n ó ṣì máa wá ọ̀nà tí n ó gbà dá a padà.

Tíṣà ni mí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Kudenda ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà nígbà náà. Hayin Banki ni a ń gbé, nítorí náà mọ́tò méjì ni mo máa ń wọ̀ láràárọ̀, ọ̀kan láti Kawo dé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, èkejì láti Television dé Kudenda. Bí mọ́tò kejì kò bá tètè kún, n ó gun ọ̀kadà, èyí tí àwa ní Kaduna ń pè ní àṣàbà. Ìgbà yẹn ni rédíò kì í sinmi. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, wọ́n ń sọ fún wa pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ń dàgbà, ó ń dàgbà kíákíá, ó ń dàgbà ju ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ti dàgbà tán lọ. N kò lè ní irọ́ ni. Fóònù alágbèéká tó jẹ́ ti olówó nìkan tẹ́lẹ̀ ti dé ọwọ́ alágbàfọ̀. Báńkì ń kọ́ ilé onígíláàsì sí ojú títì ńlá, èèyàn lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdàgbàsókè náà ń lọ káàkiri, ó jọ pé kò rí mọ́tò kejì wọ̀ dé Kudenda. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ibẹ̀ ti ti géètì wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn bàbá tó ń hun aṣọ ti di ọlọ́kadà. Bí mo bá gun àṣàbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bàbá ọmọ kíláàsì mi ni yóò gbé mi. Kò ní gba owó lọ́wọ́ mi. Bí a bá dé ẹnu géètì, yóò wá fi ọgbọ́n béèrè ohun tó dé tí ọmọ òun fi gbé ipò àádọ́ta.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló ká òrùlé wa lọ. A dúpẹ́ pé a ti jáde, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Atẹ́gùn kó gbogbo páànù búlọ́ọ̀kù tí kíláàsì mi wà, ó gbé e fo ògiri, ó lọ dà á sínú ọgbà ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti hẹ́dímásítà lọ kó páànù wa. Máígádì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí wa dáadáa, ó gbé bẹ́ǹṣì fún wa, ó wá ní ohunkóhun tó bá ti wọ inú ọgbà náà kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé láti ọwọ́ máníjà. A béèrè ibi tí máníjà wà. Ó ní máníjà ti padà sí ìlú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ pa. Bí a ṣe fi páànù wa sílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Alága ẹgbẹ́ òbí wa jẹ́ ọkùnrin kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, tó wá ń jó irin ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Television lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìpàdé, ó ní kí ẹni tó bá ní páànù kan mú páànù kan wá, kí ẹni tí kò ní páànù mú ìṣó wá, kí ẹni tí kò ní ìṣó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá. Kí oṣù tó parí, páànù ti pé ní ọ́fíìsì hẹ́dímásítà. Tuntun wà níbẹ̀, ògbólógbòó wà níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí lára. A fi iṣẹ́ sí ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi wàyí. Ọ́fíìsì ìjọba kan níbi tí wọ́n ti ń ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í jalè, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní olè lójú mi. Àìsàn kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn àlàfo. Òun máa ń pè é ní dẹ́físíìtì. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tó ń wọlé fún ìjọba àti iye tí ìjọba fẹ́ ná, nígbà tí èyí tó fẹ́ ná bá ju èyí tó ń wọlé lọ. Bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nídìí oúnjẹ ni tèmi ń sọ̀rọ̀ àlàfo.

"Kí ni wọ́n máa fi dí i?" mo bi í nígbà kan tí a ń jẹ tùwó.

"Ìdàgbàsókè," ó dáhùn. "Tíṣà, ṣé o rí i, kọ́ńtìrì tó ń dàgbà dà bí ọmọ tó ń dàgbà. O ò ní ra bàtà tó bá a mu gẹ́lẹ́. Èyí tó tóbi jù ú lọ lo máa rà, kó lè dàgbà bá a."

"Dádì, ṣé ẹ ti rí ọmọ tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ rí? Ṣe ló máa ń ṣubú."

"Ó máa ń dìde," ó ní, ó sì fa ọbẹ̀ kúkà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé tí a fẹ́ kan òrùlé ni ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá. Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú kílíṣí, ẹran gbígbẹ aláta, nínú bébà àti fáìlì kan ní abíyá. Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí àwọn ọmọ wá. Ó fa bébà kan yọ nínú fáìlì náà, ó ka orúkọ ilé-ìwé wa sókè ketekete, ó ka "Àtúnṣe òrùlé, búlọ́ọ̀kù kejì," ó sì ka iye owó tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì àfikún ni, ìyẹn èyí tí ìjọba máa ń ṣe láàárín ọdún nígbà tí ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò bá tó o ná. Ọkọ mi ti tọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn láti yàrá dé yàrá títí tí ìyẹn fi gbà kí wọ́n kọ wá mọ́ ọn.

Mo sunkún. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ilé-ìwé tó wà ní ìlú ńlá yìí, gbogbo nọ́ńbà tó kún inú ìwé yẹn, ọkùnrin kan sì jókòó sí àárín wọn tó rántí mi. Mo kó èyí tó pọ̀ jù nínú kílíṣí náà fún un. Àkọ́bí wa, tó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a sọ tí kì í sì í fi fèsì, ní, "Daddy, mun gode," ó dúpẹ́ lórúkọ gbogbo wa.

Ní Sátidé, kafíńtà ti wà lórí àkàbà, alága ti to igi, àwọn ìyá ọmọ ti gbé kókó àti kósè, ìyẹn ògì àti àkàrà, dé. Hẹ́dímásítà sáré wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lódì. Àgbà ọkùnrin láti Kogi ni, ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ sọ̀ kalẹ̀, lórúkọ Jésù!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Àbúrò, wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní a ti wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òrùlé yẹn mọ́, ìjọba ló ni í."

"Haba, hẹ́dímásítà!" alága ní. "Òrùlé wo? Òfuurufú lẹ ń wò yẹn. Páànù wà nílẹ̀, kafíńtà wà lókè, kí la tún ń dúró dè?"

"Ẹ gbọ́ mi yé. Tí kọ́ńtírákítọ̀ ìjọba bá dé tó bá òrùlé lórí ilé, ibo ló fẹ́ kan tirẹ̀ sí? Wọ́n á ní mo ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Kúẹ́rì ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn, ọdún díẹ̀ ló sì kù kí n fẹ̀yìn tì."

Kafíńtà sọ̀ kalẹ̀. A kó páànù padà sí ọ́fíìsì. Ìyá ọmọ kan tó ń bu kókó béèrè pé, "Ta tiẹ̀ ni oníṣẹ́ ibi tó lọ fi wá sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì?" Mo wo ilẹ̀, mo gba kókó tèmi, mo mu ún.

Nígbà tí mo délé, mo bi oníṣẹ́ ibi náà ìgbà tí kọ́ńtírákítọ̀ máa dé. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè.

"Tíṣà, kéèyàn wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, kí owó jáde ọ̀tọ̀. Owó tó ń wọlé ti ní iṣẹ́ tiẹ̀: owó oṣù, epo mọ́tò àwọn ọ̀gá, àlejò. Tiyín wà nínú àlàfo. Ìgbà tí a bá rí owó yá ló máa jáde."

"Ẹ̀yin lẹ fi òrùlé mi sínú àlàfo?"

"Ibẹ̀ ni àyè wà," ó ní.

Mo wò ó títí. Kò mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nìyẹn. Lábẹ́ igi dógónyárò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi tó lé ní ọgọ́ta, àfi ní àárọ̀ kùtù tí oòrùn kò tí ì mú, tí a máa ń wọ inú kíláàsì náà nítorí ara ògiri rẹ̀ ni wọ́n kun pátákó ìkọ̀wé sí. Bí òjò bá ṣú, gbogbo wa a sá wọ kíláàsì kẹrin, ọmọ orí ọmọ, n ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tíṣà wọn, tí kò fẹ́ràn mi mọ́. Ní ìparí táàmù, mọ́tò kan dé. Gbogbo wa sáré jáde. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé wá. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ síwájú ògiri wa, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Kí òjò má baà ba ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́, wọ́n ti kan páànù kékeré kan sí òkè bọ́ọ̀dù náà. Fún ìgbà pípẹ́, òun nìkan ni iṣẹ́ ìjọba tó ní òrùlé nínú ọgbà wa. Àwọn ọmọ mi kéékèèké máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá ń ta.

Ọdún yí po. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun dé, a tún wà nínú rẹ̀, iye tó wà níwájú orúkọ wa sì ti di ìlọ́po méjì. Ọkọ mi kò tí ì bọ́ bàtà tán tó fi ké sí mi.

"Ó ti dàgbà!"

"Kí ló dàgbà?"

"Òrùlé yín. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé nítorí kọ́ńtìrì ń dàgbà, owó páànù wá lọ sókè. A sì fi ti àwọn tó máa bójú tó iṣẹ́ kún un."

"Dádì, kò sí òrùlé kankan níbẹ̀."

"Lórí bébà, Tíṣà. Lórí bébà ni mò ń wí."

Mo fọ abọ́, mo nu ọwọ́, mo lọ jókòó tì í. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ ní owó ọbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ yọ wá kúrò."

"Kúrò níbo?"

"Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó dùn ún gan-an, mo sì rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn èèyàn ń gbé àgbò wá sí ọ́fíìsì wa kí wọ́n lè wọlé, ìwọ lo fẹ́ jáde? Kí ni wọ́n máa pè mí?"

"Kí wọ́n pè yín ní ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kan páànù."

"Kò ṣeé ṣe. Jọ̀ọ́, gbọ́ mi. Àwọn ọ̀gá ti ka iye àlàfo yẹn sétí gbogbo ayé. Àwọn tó fẹ́ yá wa lówó ti gbọ́ ọ. Tí mo bá yọ tìẹ, ẹlòmíràn á ní kí n yọ tòun, àlàfo á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Tó bá dín kù, wọ́n á bi wá pé ṣé a tiẹ̀ nílò gbogbo owó tí a ní à ń wá. Òrùlé yín wà lára ohun tó gbé àlàfo yẹn dúró."

Gbogbo ìwé tí mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òrùlé tí kò sí lè gbé nǹkan dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ mi sọ ọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Mo kọ lẹ́tà. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí pátákó fún ọmọ ni mo fi kọ ọ́, tí gbogbo rẹ̀ dúró gbọnin-gbọnin. Mo ní àwa òbí àti olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, a kò fẹ́ òrùlé náà mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ wá kúrò kí a lè kan tiwa. Hẹ́dímásítà kò fọwọ́ sí i, ó ní apá ń dun òun. Alága fọwọ́ sí i. Mo gba àyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, mo gbé e lọ fúnra mi sí yàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà. Akọ̀wé obìnrin kan kà á, ó tún un kà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Malama, kin tabbata?" ó ní, ìyẹn ni pé ṣé ó dá mi lójú.

Mo ní ó dá mi lójú. Ó yíjú sí pẹpẹ fáìlì rẹ̀. Ó ní fáìlì wà fún ẹni tó ń tọrọ nǹkan, ó wà fún ẹni tó fẹ̀sùn kàn, ó wà fún ẹni tó wá dúpẹ́, kò sí fún ẹni tó fẹ́ jáde. Ṣé kí a pè é ní ẹ̀sùn? Mo ní rárá, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Ṣé ọpẹ́ ni? Mo ní ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ronú sí i, ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti kọ "jọ̀ọ́" síbẹ̀, mò ń tọrọ nǹkan nìyẹn. Ó fi í sínú fáìlì àwọn tó ń tọrọ. Inú mi dùn pé ó tiẹ̀ gbà á, mo ra ọsàn fún àwọn ọmọ mi bí mo ti ń bọ̀ wá sílé.

Nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì àfikún dé, wọ́n ti fi fáànù òkè mẹ́fà kún òrùlé wa. Iná mànàmáná kò dé ilé-ìwé wa rí.

Òjò ọdún kejì yẹn ni n kò lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ògiri tí kò ní òrùlé, láti òkè ni omi ń gbà wọ inú rẹ̀. Tiwa mu omi títí ó fi rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a to àwọn ọmọ sí ìta, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ó kù díẹ̀ kí n kó kíláàsì kẹfà wọlé síwájú pátákó. A gbọ́ gbì! Igun ògiri kíláàsì mi wó, ó sì tẹ́ tábìlì mẹ́ta pẹrẹsẹ. Mo mọ ọmọ tó ń jókòó nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo rí gbogbo àwọn ọmọ mi níwájú mi, síbẹ̀ mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé. Orin orílẹ̀-èdè kò sì tí ì parí, àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọn kò rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ṣì ń kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, òun ló kọ́kọ́ lanu.

"Tíṣà, mo ti gbọ́. Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Wọ́n máa fi ògiri kún un."

Mo gbé àwo tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀ jẹ́jẹ́, torí bí n kò bá ṣe é jẹ́jẹ́, orí ẹnì kan ni ì bá balẹ̀ sí. Mo ní, "Ọjọ́ wo lẹ wá sí ibẹ̀ rí? Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti kọ orúkọ ilé-ìwé yẹn, ẹ ò fojú kàn án rí. Ògiri fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ ń sọ pé ẹ máa fi kún un!" Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka pa eruku rẹ́ lórí tábìlì tí kò ní eruku.

Alága ló rí ọ̀nà. Ó ní kí n mú bébà bọ́jẹ́ẹ̀tì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an. Mo ka "òrùlé búlọ́ọ̀kù kejì" fún un.

"Malama, ṣé rúmfà jẹ́ búlọ́ọ̀kù?"

Rúmfà ni àtíbàbà tí àwọn oníṣòwò máa ń ṣe sí ẹ̀bá ọ̀nà, òpó àti páànù, kò ní ògiri. Mo ní kò jẹ́ búlọ́ọ̀kù.

"Ṣé ó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì?"

"Kò sí níbẹ̀."

"To," ó ní, ìyẹn ni pé ó dára, ó sì dìde.

Hẹ́dímásítà ní òun fẹ́ lọ sí ìlú òun fún ìsìnkú. Kò sọ ẹni tó kú, a kò sì bi í. Kí ó tó lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì tí páànù wà sílẹ̀ sórí tábìlì mi, ó wo ojú mi, ó ní òun gbàgbé rẹ̀. Ní Sátidé yẹn, alága ri òpó irin mẹ́jọ mọ́lẹ̀, ìṣísẹ̀ méjìlá sí ògiri tó ń wó, àwọn bàbá ọlọ́kadà to mọ́ṣíìnì wọn sílẹ̀, wọ́n gun òkè. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti kan páànù tán, a ti gbé pátákó tuntun kọ́. Bí ẹ bá dúró ní ẹnu géètì wa nígbà náà, ẹ ó rí ògiri tí kò ní òrùlé ní apá ọ̀tún, òrùlé tí kò ní ògiri ní apá òsì, bọ́ọ̀dù ìjọba ní àárín méjèèjì tó ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ bá wa lábẹ́ rẹ̀, n kò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ariwo páànù kò jẹ́ kí a gbọ́ra wa. Àwọn ọmọ mi tẹjú mọ́ òkè, kò sí ẹni tó tutù nínú wọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé inú mi lè dùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí páànù tí wọ́n kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí.

Ẹgbẹ́ òbí ní kí a ṣe àdúrà ìṣílé sí i. Pásítọ̀ gbàdúrà, málàmù gbàdúrà, wọ́n pín máásà àti kúnú. Ọkọ mi wá. Èmi kò pè é, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wá, ó sì wọ mọ́tò méjì náà bí èmi ṣe ń wọ̀ ọ́. Àwọn òbí gbọ́ pé ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì bọ́jẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n gbé àga fún un níwájú. Kò jókòó. Ó lọ sí ibi ògiri. Mo rí i tó wọ inú kíláàsì mi àtijọ́, tó gbójú sókè sí ojú ọ̀run, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fọwọ́ kan tábìlì tó fọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Má bínú sí mi, Tíṣà," ó ní. "N kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí."

Gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ láti ọdún tó kọjá tú ká. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mo rántí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, láàárín iyanrìn. Mo mú un lọ sábẹ́ rúmfà. Ó wo òpó, ó wo páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Àwọn òbí yìí nìkan ló ṣe é?"

"Àwọn nìkan ni."

"Ó dára. Ó dára gan-an." Ó mi orí, ó yí po lẹ́ẹ̀kan. "Atẹ́gùn ọyẹ́ máa fẹ́ wọ ibí yìí o. Wọn ò lè wà ní gbangba báyìí. Ó yẹ ká fi ògiri yí i ká."

Ó fa bírò yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó wá bébà títí, ó rí ẹ̀yìn ìwé ètò àdúrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilé-ìwé wa.

Kíkúnlẹ̀ ni mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú léèsì mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ tó fi mú bírò mú, omi ń dà lójú mi, mo kàn ń mi orí pé rárá. Àwọn òbí tó wà lọ́hùn-ún rí tíṣà wọn lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá tó ti ìjọba wá, wọ́n rí bébà, wọ́n rí bírò. Obìnrin kan ta gúdà, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin Hausa. Ni gbogbo wọn bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ mi náà ń pàtẹ́wọ́, alága ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní nínà láti wá kí i.

Ojú ti ọkọ mi díẹ̀. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ mi, ó fi èyí tí kò mú bírò gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Dìde, Tíṣà," ó ní. "Ọpẹ́ ò tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni."